Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rù nítorí aṣọ ẹbí: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, láti ẹnu télọ̀ Mọ́kọ́lá kan

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, òun àti ìyá ẹ̀, wọ́n gbé léèsì kalẹ̀, mo na téèpù mọ́ ọn níbàdí, mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ló bá ní "Àǹtí, ẹ yọ ínṣì mẹ́rin kúrò níbẹ̀, mo máa ti rù kó tó dọjọ́ náà." Mo ní ọjọ́ wo ni? Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo wo ìyá ẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ìyá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n yọ ọ́, pé àwọn ẹbí ọkọ ti sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ n'Íbàdàn yìí, ọ̀rọ̀ ara ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Ẹni tó sanra ní òun fẹ́ rù, ẹni tó rù ní kí n fi fóòmù sí òun nídìí. Mi ò kì í ṣe dókítà o, ẹ má bi mí ní sàtífíkéètì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe mí rí, ó gbé mi dórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, látìgbà yẹn tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ti wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi, bí mo ṣe ń wọn apá wọn ni mò ń bi wọ́n léèrè, èyí tí mi ò gbọ́ yé mo máa ń lọ kà á fúnra mi. Gbogbo ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu báyìí pé kó rù kí ìnáwó tó pé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu tó sọ ọ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Ẹ wo ẹnu tó sọ̀rọ̀ ná. Ẹnu àwa èèyàn ò dúró sójú kan, ẹni tó rí ẹ lóṣù kẹta tó ní "há, o ti ń yọ o, owó ti dé nìyẹn", òun náà láá rí ẹ lóṣù kẹjọ táá ní "kí ló dé tó o wá rí báyìí, rọra máa jẹun o", tó o bá wá gbọ́ tiẹ̀ tó o rù tán, òun náà láá pe ìyá ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣé kò sí nǹkan sha, ṣé ọkọ ọmọ yìí ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí èmi ń dàgbà, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń sọ pé ayé yẹ. Lónìí lẹ́pa ló ń jayé, ọ̀róbó ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Ara kan náà ni, ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí padà.

Tí ẹnu náà bá ń tajà, tó ń ta tíì, tó ń ta bẹ́líìtì ikùn, tó ń ta àgbo kan tí wọ́n lọ gbé wá láti Òjé, ẹ ti mọ ìdí tó fi rí ikùn yín. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni, àwọn tẹ́ ẹ jọ dá aṣọ, ẹ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn: "Aṣọ la jọ dá, a ò jọ dá ara." Ó máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú gúrúùpù wásáàpù tí wọ́n ti ń ka kílò ara wọn lójoojúmọ́ bí ẹni ń ka èsúsú, ẹ pa ohùn ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jáde, ẹni tó bá bínú á rọ̀.

Ti àgbà ló ṣòro. Ẹ ò lè sọ fún ìyá ọkọ yín pé kò kàn wọ́n. Ohun tí èmi máa ń ní kí àwọn ìyàwó ṣe ni pé kí wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n ní "ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́ mà", kí wọ́n wá béèrè orúnkún ìyá lọ́wọ́ wọn kíá, ṣé ó ṣì ń dùn wọ́n, ṣé wọ́n ti lo oògùn wọn. Ìyá ò ní rántí ikùn yín mọ́ fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ bàbá kékeré kan ní òde àríyá ló ń sọ ọ́ tòun ti ẹran lẹ́nu, "ẹ ṣé sà, ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín mú omi wá", kẹ́ ẹ dìde, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ má jókòó ṣàlàyé ara yín fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ti ń ṣàlàyé ti gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹnu kan ṣoṣo ló kù tó yẹ kẹ́ ẹ jókòó tì, ẹnu ẹni tó yẹ̀ yín wò kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ yá, ẹ mú téèpù

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n kọ́ yín dáadáa. Kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń so ìró, kì í ṣe ibi tí síìpù ṣòkòtò ti ń dúró. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí egungun ìbàdí yín lókè, àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ na téèpù yí ká, kó tẹ́jú yípo, kó má fún ẹran mọ́lẹ̀. Ẹ mí síta wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé, mo mọ̀ yín.

Àjọ ìlera àgbáyé ní obìnrin tó bá ti kọjá sẹ̀ntímítà 80 níbẹ̀, ìyẹn ínṣì 31 àbọ̀ lórí téèpù mi, ewu àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn ti ń pọ̀ sí i fún un, tó bá wá kọjá 88, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 35, ewu ti pọ̀ gan-an. Ti ọkùnrin, 94 ni àkọ́kọ́, ínṣì 37, èkejì ni 102, ìyẹn ínṣì 40. Ẹ kíyè sí i pé kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìdí, itan tàbí apá. Gbogbo ibi tí àwọn èèyàn fi ń bú ara wọn yẹn, kò sí nínú ẹ̀. Ọ̀rá tó sápamọ́ sínú ikùn láàárín ìfun ló ń ṣe jàǹbá jù, ìdí ńlá ò pa ẹnikẹ́ni, mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀.

Nọ́ńbà BMI tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà yín lórí fóònù náà, tí wọ́n ń fi gíga yín lọ́nà gíga yín pín ìwọ̀n yín, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ́kàn jù. Ará Belgium kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, ló gbé e jáde láàárín ọdún 1830 sí 1840. Kò wo aláìsàn kankan, ohun tó ń wá ni bí ara èèyàn ṣe máa ń rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó di 1972 kí Ancel Keys ará Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ yìí. Ó wúlò fún àwọn tó ń ka àgbájọ èèyàn, àmọ́ kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ẹ gbé alábàárù Bódìjà tó ń fi orí ru àpò ìrẹsì láàárọ̀ dalẹ́ sórí ẹ̀, ó lè ní ó ti sanra jù.

Lẹ́yìn téèpù, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà yín wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín, kò gba àkókò. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, ọ̀rọ̀ rírù tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀rọ̀ aṣọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera, aṣọ sì ni iṣẹ́ tèmi, ẹ gbé e wá. Tí dókítà bá wá ní nǹkan wà níbẹ̀, ẹ bi í pé kílò mélòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àfi kí wọ́n di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí ara wọn tó yá, bẹ́ẹ̀ ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n èèyàn tó bá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà máa ń bá a wálẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 90, kílò mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́sàn-án nìyẹn. Kò ní hàn nínú fótò o, ẹ̀jẹ̀ láá mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ṣe mí ní 2013

Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ ṣègbéyàwó, èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó, èmi ni télọ̀, gbogbo ojú ń bọ̀ lára mi. Àǹtí wa kan wò mí lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ẹ́, ó ní "ṣé báyìí lo ṣe máa jó wọlé?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ. Mo ra tíì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kùkúḿbà àti wọ́tàmẹ́lìn ni mò ń jẹ, èmi tí mo máa ń jẹ àmàlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré, kílò mẹ́rin ti lọ. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé omi ló lọ. Ara máa ń tọ́jú súgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan súgà yẹn máa ń di bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra, tẹ́ ẹ bá ti dá oúnjẹ dúró, ara á lo súgà náà tán, omi ẹ̀ á tẹ̀ lé e, òṣùwọ̀n á wálẹ̀, ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà. Ti tíì wá burú ju ìyẹn lọ. Ewé senna ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, oògùn ìgbẹ́ ni, ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, kí oúnjẹ sì tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti fa ohun tó ń mú èèyàn sanra nínú ẹ̀ tán. Torí náà omi àti iyọ̀ ara lẹ̀ ń yà dànù, ọ̀rá ò mọ̀ pé ẹnì kan mu tíì. Ọ̀kan nínú iyọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní potassium, òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, ọkàn náà sì jẹ́ iṣan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wà nínú takisí mícrà láti Dùgbẹ̀, a jókòó mẹ́ta sẹ́yìn, ooru ń mú, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ó dúró, ó tún lù, ẹsẹ̀ mi ò ní agbára kankan mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọsibítù, dírẹ́bà àti obìnrin tó jókòó tì mí ló gbé mi lọ, Ọlọ́run ló máa san án fún wọn. Potassium mi ti wálẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì tó ń so dírípù mọ́ mi bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá, mo ní kùkúḿbà, ó ní lánàá nìkan? Mi ò lè dáhùn.

Mo jó wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, fótò wà níbẹ̀, mo rẹwà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo di àga mú lẹ́yìn ijó. Lẹ́yìn ìyẹn irun bẹ̀rẹ̀ sí í bá kóòmù jáde, nǹkan oṣù mi ò wá fún oṣù méjì. Oṣù mẹ́jọ kò tíì pé tí gbogbo kílò fi padà tòun ti mẹ́ta lórí, àǹtí yẹn rí mi lọ́jọ́ ìkómọ, ó ní "o tún ti padà síbẹ̀."

Mo bú ara mi fún ọdún mélòó kan pé ọ̀jẹun ni mí. Àfi ìgbà tí mo ka ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, láti òpin 1944 wọ 1945, Keys tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ló ṣáájú ẹ̀. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ebi ti hàn léèmọ̀, ọkùnrin 36 tí ara wọn le ló gbà pé kí wọ́n fi ebi pa àwọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ gbọ́ iye oúnjẹ wọn: nǹkan bíi kálórì 1,570 lóòjọ́. Mo ti rí àwọn tó ń ta dáyẹ́ẹ̀tì 1,200 fún obìnrin n'Íbàdàn yìí, tí wọ́n ní ó ti pọ̀! Àwọn ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú ooru, irun wọn ń já, inú wọn bà jẹ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìtàn ìfẹ́, wọ́n ń pọ́n abọ́ lá. Ọ̀kan fi àáké gé ìka ọwọ́ ara ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fún wọn lóúnjẹ, àwọn kan jẹ ẹ́ títí ikùn kún, ebi ò kúrò lọ́kàn wọn. Ọkùnrin tó lágbára ni wọ́n o, wọn ò sanra tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó pè wọ́n lọ́jẹun. Mo ka ibẹ̀ tán mo sunkún, jàre. Ara tí ebi ti pa máa ń gbẹ̀san ni, á dín iná tó ń jó nínú ẹ̀ kù, á máa pariwo oúnjẹ létí yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìwà.

Àwọn ewu yòókù, ẹ jẹ́ n sáré kà á. Rírù kíákíá, tó bá ti ju kílò kan àbọ̀ lọ lọ́sẹ̀, lè kó òkúta sínú àpò òróòro, ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 torí ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, títí dòní wọ́n ṣì ń bá a nínú kóró oògùn tí wọ́n kọ "ewé àti egbò nìkan" sí lára. Nítorí náà tí nǹkan bá ń dín ebi yín kù bí idán, ẹ bẹ̀rù ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan ń ya nọ́ńbà yẹn fúnra wọn. Ti ọgbẹ́ inú tí gbogbo ayé ń sọ pé ebi ló ń fà á, kòkòrò kan tó ń jẹ́ H. pylori àti lílo oògùn ara ríro lálòjù ló ń fà á jù, àwọn dókítà méjì ará Ọsirélíà tó tú àṣírí kòkòrò náà gba Nobel ní 2005. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní in, ebi ò ní jẹ́ kó sùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá

Aláboyún. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ dákun, ìkómọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí wọ́n ti ń ní kí ìyá ọmọ so ikùn kó má jẹun alẹ́, bẹ́ẹ̀ ara tó ń ṣe wàrà nílò oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ́ SS, torí tí omi ara bá ti kéré ìrora lè dìde sí i. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí oògùn bíi Daonil, tó bá lo oògùn tí kò jẹun, súgà ẹ̀ lè wálẹ̀ dé ibi táá dákú, ó lè gbabẹ̀ kú. Kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ padà.

Àti ọmọ. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ jẹ́jẹ́. Nílé wọn "Ọ̀róbó" ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní àpèjẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ ní òun ń gbààwẹ̀. N'Íbàdàn kẹ̀, ta ló máa bi ẹni tó ń gbààwẹ̀ léèrè? Mùsùlùmí ń gbà, Kìrìsìtẹ́nì ń gbà, kódà àwa là ń kí i pé Ọlọ́run á gbà á. Ààwẹ̀ ò tán. Tí a bá dá jọ ra oúnjẹ, á gbé tiẹ̀ lọ sẹ́yìn, tó bá tiẹ̀ jẹun níṣojú wa, á dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kíá, á tan omi sílẹ̀. Téèpù ló jẹ́ kí n mọ̀. A máa ń fi ara wa wọn aṣọ, mo na téèpù mọ́ ọn láyà, mo ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àmì tẹ́ ẹ lè wò nìyí: ọmọ tó ń wọ aṣọ nípele-nípele nínú ooru torí òtútù ń mú un, tí nǹkan oṣù ẹ̀ dúró, tó mọ iye kálórì ohun gbogbo, tó ń sá fún ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí ẹ̀yìn ìka ọwọ́ ẹ̀ ní egbò níbi tí eyín ti ń gbo ó, tí eyín ẹ̀ ń pa tàbí tó ń jẹrà torí omi kíkan inú ikùn tó ń bá èébì jáde. Àìsàn ni, ó ní orúkọ lọ́sibítù, ó sì máa ń pààyàn. Kì í ṣe àṣejù, kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn, kì í ṣe ìwà òyìnbó.

Ohun tí mo ṣe, mo ṣe é dáadáa níbì kan, mi ò ṣe é dáadáa níbòmí-ìn. Mo kọ́kọ́ fi ipá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, mo dúró tì í. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló mú kó máa parọ́ fún mi. Ìgbà tí mo wá pè é jókòó tí mo sọ ti mícrà mi fún un, láì dárúkọ ara ẹ̀, láì dárúkọ kílò, ìgbà yẹn ló sunkún. Mo lọ bá ìyá ẹ̀ nílé, èmi àti ìyá la jọ mú un lọ sọ́sibítù. Ẹ béèrè dókítà ara, kẹ́ ẹ sì béèrè dókítà ọpọlọ pẹ̀lú, àwọn méjèèjì ló ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n wà ní ọsibítù UCH wa níbí, ẹ má tijú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó ti pẹ́ nínú ebi jẹ àjẹyó lójijì torí inú ń dùn pé ó gbà láti jẹun, ara tó ti gbẹ tí oúnjẹ rẹpẹtẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù fún ìyá ọmọ yẹn nínú gbogbo ẹ̀ ni kí ó dákẹ́ pípe "Ọ̀róbó". Ó ń bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu fún oṣù mélòó kan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dín díẹ̀ kù lóòótọ́

Ẹ fi àmàlà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀tá. Abọ́ àbùlà dáadáa, gbẹ̀gìrì nínú ẹ̀ ẹ̀wà ni, ewédú ewé ni, ẹran tàbí ẹja wà níbẹ̀, ẹ sọ fún mi ohun tí sáláàdì ní tó fi jù ú lọ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ dín àmàlà kù díẹ̀, kẹ́ ẹ fi gbẹ̀gìrì àti ewédú kún un, kẹ́ ẹ ní kí olóúnjẹ má bu epo orí ọbẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi omi rọ́pò mínírà. Mínírà yẹn gan-an ni, ẹni tó ń mu méjì lọ́jọ́ tó wá ń bá èlùbọ́ jà! Ẹ jẹun àárọ̀ tí ebi bá ń pa yín láàárọ̀. Ẹ máa rìn: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbà rìn ó kéré tán, ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ lè pín in kékeré. Èmi máa ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mícrà kó tó dé ibi tí mò ń lọ, lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń gun òkè lọ sí Láyípo, ilé gogoro Bower yẹn, mi ò sáré, mo ń mí bí ewúrẹ́ ni. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó, tí ọ̀sẹ̀ kan ò bá wálẹ̀ rárá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ télọ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ara tẹ́ ẹ ní lónìí. Ẹ ní kí télọ̀ fi aláwáǹsì tó pọ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán lápá méjèèjì, kó fẹ̀ sí i, kó fún, kò ní gba wákàtí kan. Tó bá jẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́, ẹ ní kó fi okùn sẹ́yìn dípò síìpù, okùn máa ń gbọ́ràn, síìpù kì í gbọ́ràn, mo ti rí síìpù tó já lójú pópó lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jókòó nínú aṣọ náà nígbà fìtìn, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀, ẹ mí sínú, ẹ rẹ́rìn-ín sókè. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti há jù, ẹni tí ikùn ẹ̀ bá fún báyẹn, oúnjẹ máa ń padà wá sí i lọ́fun. Bẹ́líìtì ikùn tí wọ́n ń pè ní waist trainer, ẹran ló ń tì láti ibì kan lọ síbòmí-ìn, tẹ́ ẹ bá tú u ó ti padà sílé. Kẹ́ ẹ fún télọ̀ yín lówó tó kù kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ o, ọ̀kan yẹn, tèmi nìyẹn.

Ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó yẹn padà wá fún fìtìn nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárín kan, mo sọ ti mícrà fún un, ó ti da tíì nù, mọ́ínmọ́ín ló tiẹ̀ ń jẹ bọ̀ nínú ọ̀rá. Ó gbé aṣọ wọ̀, aṣọ náà gbà á bíi ìbọ̀wọ́, ó ń yí po níwájú dígí. Ìyá ẹ̀ sún mọ́ ọn, ó yí etí aṣọ padà, ó wo inú ojú rírán, ó rí i pé mi ò gé ínṣì kankan kúrò níbẹ̀ rí. Ó wò mí. Mo wò ó. Ó tẹ́ etí aṣọ náà padà bó ṣe wà, ó ṣí báàgì ẹ̀, ó ní "Télọ̀, èló ló kù tí mo máa fún yín?"